Màmá Se Bakitéríà Mi, Mo sì Borí

Agboolé Jagun,
Ẹdẹ,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Fawziyah mi àtàtà, ọmọ Bọ̀dá Àgbà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ará Awo ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bọ̀dá Àgbà ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Jókòó kó o tó ka èyí, kó o má baà ṣubú.

Èmi ni n óò ṣojú ilé ìwé wa níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Òṣogbo! Ẹja inú odò Ọ̀ṣun pàápàá ń kí mi kú oríire.

Efinrin ni mo gbìn. Bọ̀dá Adébáyọ̀, ará ilé wa tó wà ní yunifásítì, fún mi ní omi ìgò méjì tí bakitéríà rere wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní tí bakitéríà náà bá dé ìdí gbòǹgbò, àwọn sẹ́ẹ̀lì efinrin á fura pé àlejò dé, wọ́n á sì máa ṣe òróró olóòórùn tó jẹ́ oògùn ara rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún Màmá pé kòkòrò ló wà nínú ìgò. Kí n tó ti mọ́sálásí dé, wọ́n ti da ìgò kan sínú ìkòkò, ó ti ń hó kutukutu.

“Najeem, ṣé o fẹ́ fi onígbáméjì pa wá ni? Omi tó bá ní kòkòrò, sísè là á sè é!”

Mo ké débi pé ó yẹ kó o gbọ́ ọ ní Awo. Kò kúkú sí òmíràn. Mo jẹ́ kó tutù, mo fi rin ìdajì efinrin náà, mo fi ìgò tí iná ò kàn rin ìyókù.

Lọ́jọ́ ìdíje ilé ìwé, àwọn tíṣà di ojú, wọ́n gbóòórùn ewé méjèèjì. Ti ìgò tí a ò sè ni gbogbo wọn mú pé ó ta sánsán jù! Bọ̀dá Adébáyọ̀ náà ti yọ òróró inú ewé wò ní yàrá ìwádìí wọn. Ti ìgò tí a ò sè náà ló pọ̀ jù.

Ni Dámiláre, tí a jọ ń du ipò náà, bá dìde: “Alásọdùn, báwo lo ṣe mọ̀ pé bakitéríà ni? Bó bá jẹ́ ajílẹ̀ ló wà nínú omi ẹ ńkọ́?”

Àfi bí ìkòkò Màmá ṣe sọ sí mi lọ́kàn.

“Omi kan náà ni. Màmá mi se ọ̀kan, bakitéríà ibẹ̀ kú, ohun yòókù ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ajílẹ̀ ni, ṣebí méjèèjì ì bá rùn bákan náà? Àbí kó o lọ bi Màmá mi?”

Tíṣà Akíntúndé fò sókè: “Iṣẹ́ onísáyẹ́ǹsì nìyẹn! Najeem, ìwọ lò ń lọ Òṣogbo!”

Wọ́n fi Dámiláre ṣe igbákejì mi. Òun ni yóò ru efinrin wọ ọkọ̀.

Bá mi kí Bọ̀dá Àgbà àti gbogbo ilé. Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn gan-an ló ṣe àyẹ̀wò yẹn, bíbomirin lásán ni mo bá àwọn ṣe. N ò lè jiyàn.

Èmi ni tìrẹ tí Ẹdẹ ò gbà mọ́,
Najeem Ìyàndá.