Ihò Mẹ́rin Lára Àpótí Irin

Ìyá mi,

Mo kí yín o láti Abidjan. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, iṣẹ́ iná náà sì ni mo ń ṣe níbí. Ẹ má bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rántí ilé ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ tó jóná ní Ọ̀là? Ọ̀gá mi, Ọ̀ṣuntọ́lá, dúró lójú gbogbo ìlú, ó ní èmi ni mi ò de wáyà dáadáa. Ó kọ̀, kò ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi. Ojú tì yín débi pé ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Irọ́ ló pa. Òun fúnra rẹ̀ ló lu ihò mẹ́rin sára àpótí irin tí wáyà iná gbà wọ ilé ẹ̀rọ yẹn, ihò kan fún wáyà kan, ó ní kó lè dùn ún wò. Ọ̀gá oníná kan níbi tí mo ti kọ́kọ́ ń gbálẹ̀ nígbà tí mo dé ìhín ló là mí lóye: bí wáyà ńlá kọ̀ọ̀kan bá gba ihò tirẹ̀, irin àárín wọn á gbóná bí agbada tí ẹ fi ń yan gàrí, kódà bí wáyà kankan ò bó. Ihò kan ṣoṣo ló yẹ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ gbà, kí agbára wọn lè pa ara wọn rẹ́.

Mo gbọ́ pé Ọ̀ṣuntọ́lá tún ti lu ihò mẹ́rin sára àpótí ti ilé ẹ̀rọ tuntun. Inú mi dùn.

Ẹ bá mi kí i. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin àárín àwọn ihò náà, kó má gbé e kúrò títí Joanna àbúrò mi á fi ka lẹ́tà yìí sí i létí tán.

Ẹ sọ fún Joanna kó má kánjú.

Èmi ọmọ yín,
Dúrójaiyé