Bọ́ọ̀lù Oníhò Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Virtue

Iyah-Gbede,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn Máàsì òwúrọ̀.

Olúwagbémiga ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìnáwó, okun ooru Àbújá. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àbúrò Virtue ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ? Àwa níhìn-ín jí ire, bí a kò bá jí ire mi ò ní lè di bírò mú. Orúnkún mi ṣì ń ṣe bó ti ń ṣe, ṣùgbọ́n òun náà ti ní ìròyìn tirẹ̀, o máa kà á níwájú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ di ọwọ́ tó ń tọrọ. Àmín.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Virtue ọmọ rẹ ní kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Ó tẹ nǹkan kan, ó ní kí n máa sọ̀rọ̀. Mo kí ọ, mo dákẹ́ kí o lè dáhùn, o ò dáhùn. Mo tún kí ọ, mo béèrè ìyàwó rẹ, o ò fọhùn. Mo wá sọ fún Virtue pé bóyá ọ̀gá rẹ wà nítòsí, kí a fi ọ́ sílẹ̀. Bí o bá rí ìkíni méjì tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, èmi ni.

Ẹrù tí o fi rán Ìbítóyè awakọ̀ dé láyọ̀. Virtue kò tilẹ̀ yọjú wò ó. Bí o ti mọ̀, láti ìgbà tí o ti mú un wá, lẹ́yìn tí alùpùpù gbá a tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí dókítà ní kí ó kúrò nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín, inú yàrá ló máa ń wà tí á kọjú sí ògiri. Bí mo bá ní kó jáde wá gba atẹ́gùn, á ní atẹ́gùn wà nínú yàrá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ń sọ̀rọ̀ bí opó.

Nítorí náà èmi nìkan ni mo tú ẹrù. Mo bá bọ́ọ̀lù funfun kan níbẹ̀ tó fúyẹ́ bí èèpo ẹyin, ihò gígùn mẹ́jọ wà lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì sì dí pa. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé ọmọ mi ronú kan àpótí aṣọ mi. Mo ti káńfọ̀ bọ inú rẹ̀, mo sì fi í sáàárín àwọn aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ọ̀pá ike gígùn aláwọ̀ ìyeyè tó tẹ̀lé e, mo fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tí mo sá sóòrùn. Ó dára púpọ̀ fún ewúrẹ́. Kì í ṣe wọ́n léṣe, ariwo rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Ní ọjọ́ kẹta ni Virtue yọjú lójú fèrèsé, ó rí mi níbi tí mo ti ń ju ọ̀pá náà sí òbúkọ kan tó kọ̀ tí kò lọ, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Gbémiga, mo dúró gbagidi. Òbúkọ jẹ ẹ̀gẹ́ lọ, mi ò wò ó. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yẹn kẹ́yìn.

Ó fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀ rìn jáde, ó bi mí pé bọ́ọ̀lù dà. Mo lọ mú un wá láti inú àpótí. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wojú mi. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìwé tó bá a wá, mo sì rántí pé òun ni mo fi bo àwo iyọ̀. Ó jókòó sórí àga, ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ọ, nítorí bóyá o kàn rà á ni, o ò mọ òfin rẹ̀. A máa ń gbé àga sí ẹ̀yìn ẹni tó di ọ̀pá mú. Ẹni kejì á dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, á ju bọ́ọ̀lù sí i. Bí o bá fi ọ̀pá gbá òfìfo, tàbí tí bọ́ọ̀lù bá ọ kọjá tó lu àga, wọ́n á ní o ti yan iṣẹ́ lódì. Mo ní kí Virtue tún un kà, ó ní sitiráìkì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tóò, èmi mọ sitiráìkì, ọdún tó o wà ní yunifásítì, sitiráìkì fi oṣù mẹ́fà mú ọ jókòó tì mí níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ti eré yìí le ju ti àwọn olùkọ́ lọ, torí bí o bá yan iṣẹ́ lódì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti lé ọ síta nìyẹn, kò sí ìpàdé, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí o gbá kó tó kanlẹ̀, ìwọ náà ti jáde. Bí wọ́n bá ti lé yín lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀pá di ti ẹgbẹ́ kejì.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kò sí ẹni tó ń sáré. Ìlà la fi eérú fà sílẹ̀ ní àgbàlá. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìlà kìíní, o ti dé ìdúró kìíní láìkúrò lójú kan. Bó bá kọjá ìkejì, ìdúró kejì. Bó bá kan ògiri, ìkẹta. Bó bá fò kọjá ògiri, o ti délé, góòlù nìyẹn. Virtue ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n dìde kí n ju bọ́ọ̀lù.

Mo jù ú. Bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà díẹ̀, ó sì yà bí ẹni tó rántí pé òun gbé ìkòkò kaná. Iṣẹ́ àwọn ihò náà ni, Virtue sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀pá abẹ́ abíyá gbé ara rẹ̀ ró lápá òsì, ó fi apá ọ̀tún gbá a. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bà á dáadáa, bọ́ọ̀lù gòkè, ó fò kọjá ògiri, ó bọ́ sí àgbàlá Bàbá Ernest.

Inú mi bàjẹ́. O mọ ohun tó wà láàárín wa, láti ọdún mẹ́rin tó ti gé igi kaṣú tí bàbá rẹ gbìn sí ẹ̀bá ààlà, tó ní ewé rẹ̀ ń kún inú kànga òun. Láti ìgbà náà a kì í kí ara wa. Bí Fádà bá ní ká kí ara wa ní àlàáfíà nínú Máàsì, èmi á kọjú sí apá ère Màríà, òun á kọjú sí apá ère Jósẹ́fù. Mo sọ fún Virtue pé ká fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Ó ní òun ni òun gbá a, òun ni òun máa lọ mú un. Kí n tó rí ohun tí màá sọ, ó ti rìn jáde ní géètì. Kò tíì fẹsẹ̀ kan ìta géètì yẹn rí.

Ó pẹ́ kó tó dé. Mo dúró sẹ́bàá ògiri, mi ò lè yọjú, mi ò sì lè kúrò. Nígbà tó máa dé, Bàbá Ernest ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìka méjì mú bọ́ọ̀lù náà. O rántí pé akọ̀wé kóòtù ni ní Kábbà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò kí mi. Ó bi Virtue pé ṣé eré yìí ní òfin. Virtue fún un ní ìwé. Ó wọ awò, ó kà á tán lórí ìdúró. Ó wá ní gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun kà, àgbàlá òun wà nínú eré náà, kò sì sí ẹni tó fi tó òun létí. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Ó ní nítorí náà, ó yẹ kí òun máa wà níbẹ̀.

Ní ọ̀la rẹ̀ ló gbé àga tirẹ̀ wá, pẹ̀lú agogo kékeré kan lọ́wọ́. Ó mú Priscilla ìyàwó rẹ̀ wá, àti Destiny ọmọbìnrin tí ọmọ wọn bí, ẹgbẹ́ Virtue ni. Èmi àti Virtue lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Priscilla àti Destiny lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, Bàbá Ernest ni adájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Gbémiga, èmi ìyá rẹ di ọ̀pá mú. Orúnkún mi kò sọ nǹkan kan, torí kò sí ẹni tó ní kó sáré.

Ibì kan ṣoṣo ló dẹ́rù bà mí nínú ìwé yẹn. Wọ́n ní bí o bá dé ìdúró kìíní, iwin kan ló máa dúró níbẹ̀ fún ọ títí ẹnì kejì rẹ á fi gbá tirẹ̀. Mo ní kí eré dúró. Mo wọlé lọ gbé omi ìbùkún, mo wọ́n ọn sí ìdúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Virtue ní kì í ṣe iwin gidi, ẹni tí a kàn ń fi sọ́kàn ni. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó ní orúkọ onígbàgbọ́. A pe ti ẹgbẹ́ wa ní Andrew, ti ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Ayọ̀wálé. Ní báyìí bí Bàbá Ernest bá lu agogo, á kéde pé Andrew wà ní ìdúró kejì, gbogbo wa á sì wo ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbá bọ́ọ̀lù kan tó ga dáadáa, Priscilla na aṣọ ìró rẹ̀ síwájú, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní mo ti jáde. Mo ní mi ò jáde. Bàbá Ernest ní ká dákẹ́. Ó ka ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní òfin kò mẹ́nu kan ìró, ọwọ́ nìkan ni òun rí, nítorí náà mi ò jáde. Ìyàwó tirẹ̀ ló dá lẹ́bi. Mo gbọ́ pé ẹ̀bà tútù ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn eré ọjọ́ yẹn ló ku èmi àti Bàbá Ernest, a ń tún ìlà fà. Ìlà ìkejì gba ẹ̀bá kùkùté kaṣú yẹn kọjá. Nígbà tó débẹ̀, ó dúró, igbá eérú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Ìyá Gbémiga, mo kánjú gé igi yìí, ó yẹ kí n ti wá bá yín sọ̀rọ̀ kí n tó gbé àdá. Ọdún mẹ́rin ni mo ti to ohun tí màá sọ fún un jọ, tí mo ń tún un ṣe lórí ibùsùn. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn sọ fún un pé ewé igi náà pọ̀ lóòótọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ náà pọ̀. A fa ìlà náà tán. Ní Máàsì àná, nígbà tí wọ́n ní ká kí ara wa, ó rìn láti apá Jósẹ́fù wá bá mi.

Ohun tó mú mi gbé bírò gan-an nìyí. Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Virtue gbá bọ́ọ̀lù kan tó kan ògiri. Destiny ń jiyàn pé kò kàn án. Inú bí Virtue. Ó ju ọ̀pá ike sílẹ̀, ó rìn lọ síbi ògiri láti fi ojú ibi tó kàn hàn án. Ó ti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí i pé ọ̀pá abẹ́ abíyá ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Òun náà wá rí i, ó di ògiri mú, ó ń wò wá. Bàbá Ernest rọra gbé agogo sílẹ̀, ó ní ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni òun kà. Nọ́ọ̀sì wá wò ó láàárọ̀ yìí, ó ní eegun ti ń so pọ̀, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó má tíì sáré. Mo ní eré wa kò ní sísáré nínú.

Ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mi láti fi ra ìpara orúnkún àti ẹ̀wà Kérésì. Ra bọ́ọ̀lù méjì sí i, òbúkọ ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan lára èyí. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ní èyí tí kì í yà tó bẹ́ẹ̀, èmi ló máa ń yà fún jù. Ra fèrè kan fún Bàbá Ernest.

Ọlọ́run á máa tọ́jú ilé rẹ. Ibi tí o bá fi orí lé, wọ́n á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí o ń wá kò ní ṣòro fún ọ. O kò ní sunkún lórí ọmọ, ọmọ kò ní sunkún lórí rẹ kí ọjọ́ alẹ́ tó dé. Bí o bá wá ní Kérésì, jọ̀wọ́, má sáré wọlé wá gbé Virtue. Dúró lẹ́nu géètì. Ó ní òun fẹ́ rìn wá bá ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agatha.