Apá Òsì Méjì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín púpọ̀púpọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ yín àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà? Ara tèmi yá, oúnjẹ sì ń wọlé dáadáa.

Ó ti pé oṣù méjì tí mo kọ lẹ́tà burúkú yẹn sí yín, ẹ ò sì dá mi lóhùn. Ẹ jàre mi. Èmi ni mo rán apá òsì méjì sí yunifọ́ọ̀mù ọmọ yín, ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ni mo bá kọ̀wé pé kẹ́ ẹ má pè mí ní àbúrò mọ́. Háà! Èmi tẹ́ ẹ pọ̀n dàgbà!

Ẹ gbọ́ o. Ìyá Bọ́tìnnì, tá a jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ló tú àṣírí mi. Ọjọ́ tí mo bá ti ba aṣọ jẹ́, tàbí tí mo bá oníbàárà jà, ó ń fi bírò pupa sàmì sí kàlẹ́ńdà. Ó ní, "Wá wò ó. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ni lóṣooṣù, tó bá ti kù díẹ̀ kó o ṣe nǹkan oṣù rẹ." Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tí mo kà á tán, ẹ̀rín pa mí.

Mo lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó ní kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ń ṣe mí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rí i. Ó bi mí pé kí ni mo máa ń rò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo máa ń rò pé ẹni burúkú ni mí, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi. Ó ní ìrònú yẹn gan-an ló ń sọ ìnira kékeré di ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sunkún níwájú ẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ní báyìí, tó bá ti ń bọ̀, mo ń tètè sùn, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, wọn kì í sì í fún mi láṣọ gé. Bọ́tìnnì ni mò ń rán. Ọkọ mi ló ń se ọbẹ̀; iyọ̀ inú ẹ̀ kì í ṣe kékeré, àmọ́ ìjà ti dín kù nílé wa.

Síbẹ̀, mi ò ní wá àwáwí. Ọwọ́ mi ló kọ lẹ́tà yẹn. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Àárò yín ń sọ mí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó má jẹ̀ẹ́ ká pàdánù ara wa.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo,
Télọ̀ onínú fùfù.

Àfikún: Inú ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni mo kọ lẹ́tà yìí. Mo fi í pa mọ́ títí wọ́n fi kọjá, kí n lè yọ ohun tí kò bá tinú mi wá. Mo tún un kà lónìí. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kan yọ.