Mú Àtàǹpàkò Rẹ Kúrò Níbẹ̀

Ìyìn-Èkìtì,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò.

Ayọ̀rìndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ilé yín ní Àbújá. Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí yóò máa jí yín, kò ní jẹ́ kí àìsàn wọlé tọ̀ yín, kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Mo kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, kì í ṣe pé inú mi dùn sí ọ.

Olùkọ́ Ilésanmí tó ń gbé òdìkejì wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Ó ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí díẹ̀, mo ní kó fagi lé "díẹ̀" yẹn.

Ara mi le. Orúnkún òsì ń ro mí bí òjò bá ṣú, àmọ́ ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú. Páànù tí atẹ́gùn ṣí lórí ilé ìdáná ṣì wà bó ṣe wà. Mo lọ sí báńkì ní Adó lọ́sẹ̀ tó kọjá láti gba owó tí o fi ránṣẹ́, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n fi ìka lé gíláàsì kékeré kan, gíláàsì náà ní òun kò mọ̀ mí. Mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e, ó ní òun kò mọ ìkankan. Ọmọbìnrin náà ní gbáàgúdá tí mo ń bó láti ọjọ́ yìí ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán. Mo ní ṣé gíláàsì náà ti wá sí Ìyìn rí tí yóò fi mọ̀ mí? Mo ní kó bi àwọn tó tò sẹ́yìn mi léèrè, ẹni mẹ́ta nínú wọn mọ orúkọ bàbá rẹ. Ó ní àwọn kì í bi èèyàn. Ọwọ́ òfo ni mo gbé wálé.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, Fọláṣadé, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, èyí tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, wá bá mi pé òun wá fi tó mi létí pé òun lòun máa da omi sí ẹsẹ̀ Moyinolúwa lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ Tóbilọ́ba bá gbé e níyàwó wálé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wá yá ọmọ odó. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹbí ni. Mo ní ẹbí ti pàdé níbo, ó ní inú fóònù ni, Ọlálérè ọmọ ẹbí wa tó ń ta wáyà iná ló kọ ọ́ síbẹ̀, gbogbo wọn sì ti fọwọ́ sí i. Ó wá ṣí fóònù hàn mí. Mo rí ọ̀rọ̀ gígùn kan tí n kò lè kà, àwòrán àtàǹpàkò sì tò sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n pọ́n bí ìyeyè, ó ń nàka sí wọn pé ti lágbájá nìyí, ti lágbájá nìyí, títí ó fi dé orí ọ̀kan, ó ní ti Ayọ̀rìndé nìyí.

Ìwọ. Ọmọ tí mo bí, lórí ìyàwó ọmọ tí o bí.

O mọ̀ dájú pé ẹni tó bá ti pẹ́ jù nínú àwọn ìyàwó ilé ló ń da omi sí ìyàwó tuntun lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Kì í ṣe ẹni tó mọ̀wé jù. Ìyálé mi ló da tèmi, nígbà tó kú, ó kàn mí. Èmi ni mo da ti Fọláṣadé fúnra rẹ̀, mo ti bí ọmọ mẹ́rin nínú ilé yìí kó tó dé, ìgbà ọyẹ́ ni, omi náà tutù, ó fò sókè, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rán an létí. Ó ní òun rántí, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà.

Mo wọ mọ́tò lọ bá Ọlálérè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adébáyọ̀ ní Adó. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó ra búrẹ́dì, n kò jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Mo ní kó ka ohun tó kọ sí mi létí. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ní kó sọ ọ́ bó ṣe rò ó kó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn àna wa ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọn yóò ya fídíò, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa yé wọn ló yẹ kó gba ìyàwó wọlé. Ó ní, Ìyá àgbà, ẹ má bínú, ẹnu yín ti jẹ́ ti Ìyìn jù, ẹ ń pe ilé ní ulé, ẹ ń pe iṣu ní uṣu, ẹ sì máa ń sọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí.

Mo bi í pé ìlú wo ni ilé náà wà. Mo ní, Ọlálérè, ẹnu yìí ni mo fi ń pè ọ́ wá jẹun nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sóko, o kò sọ fún mi rí pé kò yé ọ.

Nígbà tó rí i pé n kò dìde, ó ní àtàǹpàkò yẹn kò tiẹ̀ ju "mo ti rí i" lọ, pé ẹlòmíràn ò ka ọ̀rọ̀ náà tán. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé ńṣe ni gbogbo wọn kàn rí i, ta ló wá gbà? Ọkùnrin kan tó wá ra wáyà iná bú sẹ́rìn-ín, Ọlálérè ní kó lọ ra ti ibòmíràn.

Ayọ̀rìndé, n kò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ohun tí àtàǹpàkò jẹ́. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ bàbá rẹ, mo tẹ̀ka, ilẹ̀ sì pín títí dòní. Èmi tí n kò lè kọ orúkọ mi ló yẹ kí n máa tẹ̀ka. Mo ru gbáàgúdá dé ọjà Ìgèdè kí ìwọ lè máa kọ orúkọ tìrẹ, kí ló wá gbé ọ padà sídìí àtàǹpàkò? Bí o bá kà á tí o sì gbà, o ti tà mí. Bí o kò bá kà á, ṣé bí o ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ yín náà nìyẹn?

Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ àgbà la ti ń sọ ọ́. Ẹni tí inú ń bí yóò sọ ọ́, a ó rí ojú rẹ̀, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn yóò yọ aṣọ lórí àga, yóò jáde, a ó rán èèyàn lọ pè é padà. Nísinsìnyí ẹbí ti kó lọ sínú fóònù. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọ́n ní àwọn ti kíra níbẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ nilé wọn. Bí n kò bá sí níbẹ̀, wọ́n ti lé mi nílé nìyẹn, kò kàn sẹ́ni tó ní kí n dìde ni.

Mú àtàǹpàkò rẹ kúrò. Olùkọ́ ní ó ṣeé mú kúrò. Lẹ́yìn náà kí o fi ohùn rẹ sọ ọ́ síbẹ̀, ohùn gidi, ní ẹnu Ìyìn tí mo kọ́ ọ, pé ìyá rẹ ni yóò da omi náà. Fi owó páànù ránṣẹ́, pẹ̀lú ti abọ́ tánganran funfun kan tó jinnú tí n ó fi da omi náà, kí o fi rán èèyàn tó mọ̀ mí.

Bí o bá ṣe é o, bí o kò ṣe é o, èmi ni Moyinolúwa yóò bá lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹbí inú fóònù bá ní Fọláṣadé ni àwọn fẹ́, kí wọ́n wá gbé mi kúrò níbẹ̀ fúnra wọn, kí ẹni tó ń ya fídíò sì ya ìyẹn náà fún àwọn àna wa.

Ọlọ́run yóò bù kún ọ, yóò bù kún àwọn ọmọ rẹ. Òun ló mọ bó ṣe ṣòro tó láti ṣàdúrà fún ọ lónìí, mo sì ṣe é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyọ̀kẹ́.