Ìwẹ̀ Àárọ̀ Kí A Tó Wọ Òkun: Lẹ́tà sí Ìyá Mi ní Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ara. Àbẹ̀kẹ́ yín ló kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀jọ́ ni mo ti kúnlẹ̀. Mo kí Bọ̀dá Wàsíù, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Táíyé, aládùúgbò yín. Bọ̀dá ló máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fo ibì kankan. Mo jẹ́ kí ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni. Nígbà òjò tó kọjá, ẹ yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ìyá Táíyé gbọ́ igbe yín, wọ́n sáré dé ẹnu ọ̀nà, irin ti dábùú ilẹ̀kùn látinú. Títí wọ́n fi rí káfíńtà tó tú ilẹ̀kùn, orí sìmẹ́ńtì tútù lẹ wà. Láti ìgbà náà la ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fún Ìyá Táíyé ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ẹ ní ẹ ò ní ṣubú mọ́ lágbára Ọlọ́run, àti pé ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nítorí ìṣubú ti ń pe ìṣubú wá sílé. Mo ṣe àmín sí àdúrà yẹn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà lórí fóònù, ẹ yí i padà. Ẹ bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí èèyàn máa gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ lọ jókòó sínú omi, àti pé ṣé ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Alábà ti kógbá wọlé ni. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà. Wáyà títà ló sú mi. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sẹ́wánù ni mo wà báyìí, ọmọ Ẹ̀gùn tó ń mú àwọn àlejò lọ sójú omi láti Ọ̀jọ́. Fífọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí, èmi ni mò ń ṣáájú àwọn àlejò. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó ń san rẹ́ǹtì yàrá mi ní Okokomáíkò. Ariwo pọ̀ níbẹ̀ láti ìdájí, síbẹ̀ nínú gbogbo ariwo náà, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Àárò yín ń sọ mí.

Kayáàkì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ihò kan ló wà láàrin rẹ̀ tí èèyàn máa ki ẹsẹ̀ bọ̀. Wọ́n á so aṣọ rọ́bà kan mọ́ ọ níbàdí, wọ́n á fi bo ihò náà kí omi má baà wọlé. Àjẹ̀ rẹ̀ ní ojú méjì: ẹ ó fi ọ̀kan wa ọ̀tún, ẹ ó fi èkejì wa òsì.

Ẹni tó bá ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má jẹ ẹ̀bà àjẹyó. Kó má wọ jíǹsì, nítorí bó bá ti mu omi, ó di ẹrù. Kò pọn dandan kó mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, àmọ́ kó sọ òótọ́. Mo máa ń fa láìfù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú èjìká. Bó bá gòkè dé etí, a ní láti so ó kó le sí i. Agbára apá ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń lò, nígbà tó jẹ́ pé ìbàdí ló yẹ kó máa yí. Lọ́jọ́ kejì, apá á máa ro wọ́n, kódà àtiso ìborùn á di wàhálà. Inú ọ̀sà la ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti rọ̀. Lẹ́yìn náà la ó ru ọkọ̀ kọjá iyanrìn lọ sí etí òkun. Bí òkun bá ń bínú, a ó wò ó, a ó sì padà. Àwọn kan máa ń kùn. Ọ̀gá mi kì í dá wọn lóhùn.

Ohun tó le jù lọ wà níbẹ̀rẹ̀. Òfin Ọ̀gá Sẹ́wánù ni pé ẹni tí kò bá tíì mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé nínú ọ̀sà kò ní wọ òkun. Ẹ ó dojú dé, ẹ ó tẹ̀ síwájú lábẹ́ omi, ẹ ó fa okùn tó wà níwájú aṣọ rọ́bà yẹn, ẹ ó yọ jáde, ẹ ó sì di ọkọ̀ mú. Kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá sọ ọ́ fún ọmọ Yorùbá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin mẹ́rin wá. Mẹ́ta jẹ́ ìyàwó ṣọ́jà láti báráàkì Ọ̀jọ́, ẹnì kẹrin sì ni ìyá ọ̀kan nínú wọn, Àlàájà kan láti Ìbà, tí ọjọ́ orí wọn á tó tiyín. Bí mo ṣe dárúkọ ìdojúdé, gbogbo wọn ké pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọ́n yí ọwọ́ po orí, wọ́n ta ìka dànù. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọwọ́ ara àwọn ṣe àpẹẹrẹ ibi. Mo dojú tèmi dé kí wọ́n lè rí i. Nígbà tí mo yọrí jáde, igbe ni mo bá lójú omi. Àlàájà bi mí pé ṣé mo ní ìyá láyé. Mo ní mo ní. Wọ́n ní ṣé ìyá mi mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe rèé. Mo gbọ́n omi inú ọkọ̀ mi dànù.

Lẹ́yìn náà ni Àlàájà sọ pé àwọn ò ní dojú ọkọ̀ kankan dé láéláé, àmọ́ àwọn ò tíì wẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ìwẹ̀ àárọ̀ la fẹ́ wẹ̀, àwọn ti ṣe tán. Mo ní ìwẹ̀ àárọ̀ ni. Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n dojú dé, wọ́n yọ jáde, ìborùn wọn ò sì tú. Àwọn mẹ́ta yòókù náà wẹ̀.

Lójú òkun, mo kìlọ̀ pé kí wọ́n máa kọ imú ọkọ̀ sí ìgbì. Àlàájà bojú wẹ̀yìn wo ọmọ wọn, ìgbì kan sì gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ dojú dé. Kí n tó wà débẹ̀, wọ́n ti yọ jáde, wọ́n di ọkọ̀ mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì tún ìborùn ṣe. Mo gbọ́n omi jáde, mo dì wọ́n mú títí wọ́n fi wọlé padà. Wọ́n ní kí ọmọ àwọn má sunkún, pé ìwẹ̀ kejì nìyẹn.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni mo ń rò títí a fi padà dé èbúté. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìṣubú mọ́. Ẹ ò ní ṣubú. Ṣùgbọ́n adìẹ yín wà ní ẹ̀yìnkùlé, inú ilé nìkan lèèyàn sì lè gbà débẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí òde, ta ló ń fún wọn lóúnjẹ? Ẹ fún Ìyá Táíyé ní kọ́kọ́rọ́ kan nítorí adìẹ. Kí ẹ má sì fi irin dábùú ilẹ̀kùn mọ́, kí àwọn adìẹ má baà febi sùn.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó fi àlàáfíà bo ilé yín mọ́lẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àti ọmọdé. Ẹ kí Ìyá Táíyé lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ebi ń pa adìẹ.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wẹ̀ láràárọ̀,
Àbẹ̀kẹ́.