Ẹṣin Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù
Ẹṣin tó wà lára kọ́ìn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Èyí tí mo rí nínú dúrọ́ọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì wa lónìí ní mẹ́jọ.
Mi ò jí i o. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, mo ra búrẹ́dì bíi ènìyàn gidi, mo sì ní kí Àǹtí Kánkán tí a jọ ń gbowó fi kọ́ìn yẹn ṣe ṣéńjì mi. Ohun tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni nínú ṣéńjì, tẹni ni.

Ìṣẹ́gun, 4 Òkúdù
Mo fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó lójú fèrèsé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ irin ní pólì. Búrẹ́dì ni mo ń tà. Ó kéré tán, ẹ̀kọ́ yẹn wúlò lónìí. Bó bá jẹ́ òkúta tàbí táyà ló ṣe é, ojú ibẹ̀ á jin. Ẹsẹ̀ mẹ́rin àlékún yìí wú. Níbi tí wọ́n ti rọ ọ́, ó sún díẹ̀, òǹtẹ̀ sì tún bọ́ lé e.
Màmá ti bu eérú, wọ́n fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́ kó dán. Mo já a gbà. Bó bá fi lè dán, ó ti di kọ́ìn lásán lójú àwọn tó ń ra irú rẹ̀.
"Ìwọ nìkan ni mo bí tó ń tọ́jú ìdọ̀tí," Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Òkúdù
Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń ra irú kọ́ìn bẹ́ẹ̀. Ojú-Idì ni mo ń pè é. Mi ò tíì rí i rí. Ó ní ṣé kì í ṣe pé mo jí i. Mo ka òfin mi fún un: ohun tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni nínú ṣéńjì, tẹni ni. Ó ní òfin tó dára ni.
Iye tó dá tó ẹ̀rọ ìjórin àlòkù kan géérégé. Ẹ̀rọ tèmi! Ó dìgbóṣe, búrẹ́dì.
A fi àdéhùn sí ọ̀sán Ẹtì, níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdù
Ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Ọ̀gá Òfin, bá mi níbi tí mo ti ń fi gíláàsì wo owó oníbàárà. Ó lọ dúró ka òfin tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìyẹn gan-an ló burú.

Ẹtì, 7 Òkúdù
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ó ní ká tú àpò. Òfin kẹrin lára ògiri: òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú kọ́ìn wọlé, èyí tó bá mú wọlé, dúrọ́ọ̀ ló ni ín. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni tèmi wà.
"Bọ́ bàtà."
Ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Mo fi ìka tì í sí igun. Èrò mi: tó bá di ìsinmi ọ̀sán, màá ra búrẹ́dì, màá tún gbà á ní ṣéńjì. Gbogbo àárọ̀, mi ò jẹ́ kí ọwọ́ kankan dé igun yẹn.
Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú: ìyẹ̀fun dé. Ọ̀gá ní èmi ni kí n lọ rù ú.
Mo bẹ Àǹtí Kánkán: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ti igun yẹn.
"Ṣé ọmọ ọba ni?"
Àpò mẹ́rìnlá. Mo padà dé. Igun ṣófo.
Àǹtí ní bàbá onígíláàsì kan béèrè mi. Àǹtí sọ fún un pé ọ̀gá ti gba kọ́ìn mi sí dúrọ́ọ̀, pé òun nìyẹn ní igun. Ló bá ra búrẹ́dì kan, ó ní ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fún òun ní ṣéńjì.
"Ó lóun mọ̀ ẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ bá ẹ yọ ọ́ ni!"
Mo pe Ojú-Idì. Kò gbé e. Lẹ́yìn náà, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ wá:
"Àbúrò, ohun tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni nínú ṣéńjì, tẹni ni. Búrẹ́dì yín dùn."

Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù
Mo ra búrẹ́dì. Kọ́ìn mẹ́ta ni ṣéńjì mi. Mo ka ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin náà.
Méjìlá.