Tẹniọlá, Má Mu Sìgá Kí O Tó Wá

Tẹniọlá,

Mo rí ọ láàárọ̀ yìí bí o ṣe di ògiri mú lórí àtẹ̀gùn, tí o ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Adéjìmí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe kó tó ṣubú sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Bajulaiye. Nígbà tí a sin ín tán, o ní, "Bàbá, àrùn ọkàn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ẹ jẹ́ n mu sìgá mi jàre."

Ẹ̀jẹ̀ kan náà wà lára mi. Bàbá mi fi tábà àti iyọ̀ ran àrùn náà lọ́wọ́, kò lo àádọ́ta ọdún láyé. Èmi yẹra fún méjèèjì, mo ti lé ní àádọ́rin.

Mo ti lọ gba káàdì fún ọ lọ́dọ̀ dókítà ní Ọbáníkòró. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí, n kò ní kúrò títí o ó fi dé.

Bàbá rẹ